Òòfà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yìnyín já ní Amarillo,
òmíràn tóbi ju ẹyin pẹ́pẹ́yẹ lọ.
Ó fọ́ gíláàsì ọkọ̀, ó sọ òrùlé di ajere.
Onílé káwọ́ lérí, àwa ń di irinṣẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀:
èyí tó dun onílé ló ń bọ́ wa.

Àárọ̀ Àbámẹ́ta, a gun ilé Ìyá Dreyer,
èmi, Eusebio ọkọ àbúrò mi,
àti ọmọ Guatemala kan tí a ń pè ní Flaco
torí pé ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí igi ìgbálẹ̀.
Òrùlé náà dà gẹ̀rẹ́, ìrì ọ̀wúrọ̀ sì wà lórí rẹ̀.
Okùn àti bẹ́líìtì wà nínú garawa nínú ọkọ̀,
wọ́n ká jọ bí ejò tó yó.
Ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ wákàtí méjì péré!
Kí ẹ tó so okùn tán, ẹ̀ bá ti parí rẹ̀."
A rẹ́rìn-ín. Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Eusebio kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì.
Ọdún mọ́kànlá ló fi ń rìn lórí òrùlé bí ológbò.
Bébà ọlọ́dà kan ló ṣí lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo gbọ́ bàtà rẹ̀: yọ̀ọ̀.
Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan.
Ibi tí n kò ti gbọ́ nǹkan kan yẹn
ni mo máa ń jí bá lóru.
Lẹ́yìn náà, gbì.

Kò pariwo. Ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé,
"Bá mi wò ó, ṣé bàtà ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi?"
Méjèèjì wà níbẹ̀, okùn wọn so pinpin.

Nígbà tí ọkọ̀ aláìsàn gbé e lọ tán,
ọ̀gá na òòfà onítáyà sí mi,
kí n fi ṣa ìṣó inú koríko
kí ajá Ìyá Dreyer má baà tẹ̀ ẹ́.
Mo fà á. Ìṣó ń fò mọ́ ọn, ṣẹ́ńkẹ́, ṣẹ́ńkẹ́.
Koríko ibi tó balẹ̀ sí kò tíì dìde.
Mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, n kò lè fà á kọjá níbẹ̀.
Òòfà kékeré lórí òòfà ńlá:
ilẹ̀ tó ń pe gbogbo wa, tí kì í béèrè
bóyá iṣẹ́ wákàtí méjì ni.

Nélida kò tíì bá mi sọ̀rọ̀.
Wọ́n ní yìnyín tún ti já ní Lubbock. Flaco pè mí láago.
Mo lọ sídìí garawa, mo fa okùn náà jáde.
Ó ń dán. Ìwé iye owó rẹ̀ ṣì so mọ́ ọn.