Èyí Tó Dé Akẹtẹ̀

Ní Saskatoon, oòrùn oṣù Kejìlá kì í dágbére.
Aago márùn-ún ò tíì lù, ó ti ká ẹní rẹ̀ nílẹ̀,
yìnyín ìta sì ti pọ́n dà bí aró
títí dé ẹsẹ̀ ilẹ̀kùn wa.

Igbá kan wà lórí tábìlì ìjẹun.
Làmídì ló fín in ní Ọ̀yọ́, ó lu ú ní ihò wẹ́wẹ́;
mo fi súwẹ́tà mẹ́ta wé e,
mo gbé e lé itan nínú bàálù
bí ẹni gbé ọmọ ọlọ́mọ.

Gílóòbù àtijọ́ ni mo kọ́kọ́ fi sínú rẹ̀.
Ó tàn káàkiri lóòótọ́,
àmọ́ kò pẹ́ tí igbá fi ń rùn bí àgbàdo tó jóná.
Mo sáré yọ ọ́.

Ni mo bá ra LED, èyí tí í tutù lọ́wọ́,
tí owó iná rẹ̀ kò ga.
Ó tàn o. Ó tàn sókè ṣánṣán,
ó gún àjà ilé bí ọ̀kọ̀,
ó fi gbogbo ẹ̀gbẹ́ igbá sílẹ̀ lókùnkùn.
Ìbídùn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, fìka ka ihò:
“Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni wọ́n.
Mẹ́sàn-án péré ló ń ríran.”

Gílóòbù olójú-kan!
Ó dà bí ọ̀gá kan tí mo sìn rí,
ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Mo fi bébà oníyanrìn ha orí rẹ̀
títí ojú rẹ̀ fi rí bíi dígí tí a mí sí:
ihò méjìdínlógún.
Mo gé bọ́ọ̀lù tẹ́bù-tẹ́nìsì, mo fi dé e lórí:
ogójì ó lé kan, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà ti rẹ̀ ẹ́,
ó ń wọ́ ẹsẹ̀ jáde.
Mo so mẹ́fà pọ̀, mo mú wọn kẹ̀yìn síra wọn
bí ọmọ ìyá tó ń jà;
láàárín méjì-méjì, òkùnkùn ṣì rí àyè sùn.
Mo tún fi òjé sun àtàǹpàkò mi.

Ní Sátidé, tí òtútù ń bu imú jẹ,
mo gbé igbá lọ bá Bàbá Hrytsak ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀.
Kò bi mí pé kí ni. Ó fọwọ́ ra á,
ó ní ìyá òun a máa fín ẹyin báyìí nígbà Àjíǹde,
pé ẹyin kan ṣoṣo ló kù, òun ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.
Ó fa dúrọ́ọ̀ kan tó há.
“Mú èyí,” ó ní, “èyí tó dé fìlà koríko.”
Mo gbé e sún mọ́ ojú.
Akẹtẹ̀ ni! Orí pẹrẹsẹ, etí gbọ̀ọ̀rọ̀,
bí àgbẹ̀ tó kúnlẹ̀ láàárín ebè
tó ń wo ọ̀tún, tó ń wo òsì,
tí kò fi ojú sókè rárá.
Owó rẹ̀ ò tó ti ife kọfí kan.

Alẹ́ ọjọ́ náà, Ìbídùn kà á lẹ́ẹ̀mejì.
“Ó ku méjì,” ó ní,
níbi tí wáyà gbà wọlé.
Mo ní àgbà kúkú ti sọ ọ́, ìdí àtùpà ló ń ṣókùnkùn.
Kò dá mi lóhùn.
Ó yí igbá náà díẹ̀díẹ̀
títí ihò méjì náà fi kọjú sí àga tèmi,
kì í ṣe ti ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀.
Kò tíì bọ́ bàtà
tí àmì wínníwínní fi bò ó, aṣọ ọsibítù rẹ̀,
yìnyín èjìká rẹ̀, búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀.
Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí igbá bí ẹni yáná.
“Kò mà gbóná,” ó ní.
Ó jókòó, ó sì sùn lọ síbẹ̀,
ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́lẹ̀ bákan náà.

Mo yí rédíò sílẹ̀.
Ó ṣì ku wákàtí kan ààbọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́.