Iwájú Kò Ní Ibòòji

Gàrí Ìjẹ̀bú ni mo mu kí ilẹ̀ tó mọ́,
ó kan débi tí etí mi mì.
Mo da ẹ̀pà sí i, ẹ̀kúnwọ́ méjì,
nítorí Kúforíjì ní ẹni tó máa gun Òkè Máwẹ̀yìn
kò gbọdọ̀ fi inú òfìfo kí i.

Àwa mẹ́rin ni.
Kúforíjì olórí wa, tó ń la pákó ní sọ́mílù,
Bísíríyù ọmọ fọkanáísà,
Ọ̀nàsílé tó tín-ín-rín bí igi ìṣáná,
àti èmi Ṣówùnmí, tí wọ́n ń pè ní Ògiri.
Kì í ṣe pé mo lágbára tó bẹ́ẹ̀,
èjìká mi ló fẹ̀.
Afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ kan Ọ̀nàsílé
àfi kó kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mi ò gba ife rí.
Iwájú kò ní ibòòji, ẹnì kan ló ń ṣe é fún ẹni ẹ̀yìn.

Láti Orù la ti tú jáde, ogójì kẹ̀kẹ́,
táyà ń hó lójú ọ̀dà bí epo tó gbóná.
A kọjá oko kòkó, a kọjá ibi tí wọ́n ti ń bó obì.
Lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, ọkọ̀ agégẹdú kan yà fún wa,
ìtì igi mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, dẹ́rẹ́bà ń jẹ àgbàdo,
ó ní, "Ẹ kú ìyà o!"
Kò parọ́. Ìyà tí a forúkọ sílẹ̀ fún ni.

Ìgbà náà ni òkè dìde.
Kò gùn lọ títí. Ó kàn dúró ṣánṣán
bí olówó èlé lẹ́nu ọ̀nà ẹni.

Mo yí jíà, mo dìde lórí ìjókòó,
ṣéènì ń ké wín-ín wín-ín,
itan mi ń bá mi jà, mo ń bẹ̀ ẹ́.
Bísíríyù ń mí bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ,
ó ní, "Ògiri, rọra," mo rọra.
Kúforíjì ní, "Ògiri, tẹ̀ ẹ́!" Mo tẹ̀ ẹ́.
Ọ̀nàsílé kò sọ nǹkan kan.
Mo ń gbọ́ táyà rẹ̀ lẹ́yìn mi, nítòsí,
bí ọmọ tó di aṣọ ìyá rẹ̀ mú nínú èrò.

Ìyá àgbà kan tó jókòó ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀
wò wá títí, ó ní,
"Ṣé ẹ ò rówó mọ́tò ni?"
Ẹ̀rín pa mí. Ẹ̀rín náà jẹ nínú èémí mi.

Bísíríyù já.
Kúforíjì já níbi òpó iná kejì.
Mi ò wẹ̀yìn, orúkọ òkè ò gbà fún mi,
ìró ni mo fi kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń dín.
Ó ku táyà kan ṣoṣo.

Níbi tí ọ̀nà ti ṣẹ́ kọ́rọ́ lẹ́bàá kùkùté ọ̀gànwó,
ojú mi ṣú, ẹsẹ̀ mi di igi.
Mo yà sápá òsì. Mo ní, "Máa lọ."
Ó kọjá, èjìká rẹ̀ kan tèmi fẹ́ẹ́rẹ́,
ó sì ju ike omi rẹ̀ sí mi láyà.
Bóyá kó lè fúyẹ́ ni.
Bóyá ọpẹ́ ni. Mi ò bi í títí dòní.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ń ti kẹ̀kẹ́.
Ọmọdé méjì láìwọ bàtà bá mi tì í lẹ́yìn,
wọn ò béèrè ohunkóhun.

Ariwo sọ lókè.
Orúkọ ẹnì kan ni wọ́n ń ké.
Afẹ́fẹ́ tí mo ti ń dí láti òwúrọ̀
ló gbé e bọ̀ wá, ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́
kó tó dé etí mi,
mi ò mọ̀ bóyá ti Ọ̀nàsílé ni àbí ti ẹlòmíì.

Mo ṣí ike omi.
Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó níyọ̀ díẹ̀.
Mo fún àwọn ọmọ náà mu,
mo mu ìyókù.