Kò Dá Mi Lójú

Lọ́wọ́ bàbá arúgbó kan ní Saskatoon ni mo ti ra kámẹ́rà yìí.
Orest lorúkọ rẹ̀; mo pè é ní Ọ̀rẹ́, ó sì jẹ́ mi.
Ó ní ojú òun ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́,
pé kámẹ́rà ò gbọdọ̀ máa sùn nínú àpótí bí ọ̀bẹ tí ò rí iṣu gé.
Igba dọ́là ló pè é. Mo ná an ní ọgọ́jọ.
Ó rẹ́rìn-ín, ó gbé e fún mi tòun ti okùn ọrùn rẹ̀,
okùn tí òógùn ogún ọdún ti sọ di dúdú.
"Má fọ̀ ọ́ o," ó ní.

Títíladé, ìyàwó mi, ka wáyà tó wà nílé:
mọ́kànlélógún,
márùn-ún péré ló mọ ẹni tó ń fún lóúnjẹ.
"Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé wáyà lo fẹ́ fi hun ẹní ni?"
N ò fèsì. Mo mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá ju ọ̀kan nù
lọ́jọ́ náà gan-an la ó máa wá a.

Sátidé kan nínú oṣù kìíní,
òtútù ti sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo ní ìgbésẹ̀ ọgbọ̀n,
mo lọ dúró lórí afárá Broadway
láti ya èéfín tó ń gòkè lójú odò.
Odò ń mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sáré dé.
Mo wá ibi tó dáa, mo di èémí mú,
bátìrì kú.
Bátìrì tó kún dẹ́múdẹ́mú nílé!
Mo yọ ọ́, mo fi há abíyá,
mò ń lọ, mò ń bọ̀
bí adìẹ tó ń sàba lé ẹyin kan ṣoṣo.
Obìnrin kan tó ń sáré ìdárayá bi mí bóyá apá ló ń dùn mí.
N ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ pé mò ń sàba.

Ó jí. Ó fún mi ní àwòrán mẹ́ta:
ọ̀kan dúdú kirikiri,
ọ̀kan jẹ́ ìka ìbọ̀wọ́ mi,
ìkẹta, èéfín.

Mo délé, ooru ilé kọlu kámẹ́rà, dígí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.
Mo rì í sínú ike ìrẹsì. (Títíladé ò tíì mọ̀.)
Mo tan kọ̀ǹpútà kí n to àwòrán,
ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ gba àtúnṣe tuntun, kí n má pa òun.
Ó gun òkè dé mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ó jókòó síbẹ̀.
Mo jẹun. Mo sùn lórí àga. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Nígbà tó ṣí, ó ti kọ́ ọgbọ́n kan tí n ò rán an:
ó ń wá ojú èèyàn kiri inú àwòrán.
Ó fa ìlà onígun mẹ́rin yí èéfín odò ká,
ó bi mí léèrè: *Ṣé Ìyá nìyí?*

Ìyá mi, tí wọ́n kọ̀ físà fún lẹ́ẹ̀mejì,
tó ní kí n bá òun kí yìnyín,
kí n sọ fún un pé òun ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.
Ọdún náà dé, ilẹ̀ Ìlá ló gbà á.

Bọ́tìnnì mẹ́ta ló wà nísàlẹ̀:
*Bẹ́ẹ̀ ni. Rárá. Kò dá mi lójú.*
Mo sún mọ́ ọn, mo sún sẹ́yìn.
Mo bọ́ awò ojú mi nù.

Títíladé yọ sí mi lẹ́yìn, kámẹ́rà lọ́wọ́ rẹ̀,
hóró ìrẹsì kan lẹ̀ mọ́ okùn Ọ̀rẹ́.
Ó ti la ẹnu ìjà.
Ó wo kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Èéfín ni."
Ó tún wò ó.
Ó fa àga.