Iná Ọyẹ́

Mo jí láàárọ̀ yìí, mi ò rí Iléṣà.
Ọyẹ́ ti gbé e mì, tòkè tilé, tòpó iná,
bí ọmọdé ṣe ń fi súìtì pamọ́ sẹ́rẹ̀kẹ́.
Àkùkọ kọ lẹ́ẹ̀kan, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Ẹsẹ̀ mi funfun bí ẹni tó rin inú ẹlùbọ́ kọjá,
ètè mi là bí ilẹ̀ tí omi sá fún.
Mo fìka ha ìdí ike òrí:
ó ti dì bí gbèsè àtijọ́.

Ẹni tó wẹ̀, ẹni tí kò wẹ̀, a ò bú ara wa.
Jégédé fi omi bọ́jú, lọ́fíńdà ló fi parí ìyókù.
Èmi gan-an, bẹ́ ẹ bá bi mí, ẹ ó mú mi purọ́.

Oyèládùn pè láti Kánádà lọ́sàn-án.
Ó ní òjò dídì ga dé ojú fèrèsé,
ó ní ọkọ̀ òun ti sọnù sábẹ́ rẹ̀ láti àná.
Mo ní, "Àwa náà ń gbọ̀n níhìn-ín."
Ó rẹ́rìn-ín títí fóònù fi já.
Ẹ jẹ́ ó máa rẹ́rìn-ín.
Ẹni tí súwẹ́tà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ,
tí ọrùn rẹ̀ sì ti fẹ̀ bí ẹnu agbọ̀n,
kò níí dé Kánádà kó tó mọ orúkọ otútù.

Aago mẹ́jọ alẹ́, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà Baba Fápohùndà
ní Bọ́lọ́rundúró, níbi tí a ti ń wo bọ́ọ̀lù,
agolo mílíìkì láàrin itan mi, igba náírà lórí kan.
Mo mọ ẹni tó ń sanwó,
mo mọ ẹni tó ń wí pé "tá a bá jáde."
Ìjẹ̀ṣà ni mí. Baba bàbá mi lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí ojú fi ti gbèsè, tó jáde fúnra rẹ̀.
Èmi náà ì bá lóṣòó, orúnkún ni kò ká nínú ọyẹ́.
Mo ní kí wọ́n wọlé.

Ọgọ́ta ọkùnrin ló wà nínú,
àti Morẹ́nikẹ́ elépà, tó mọ òfin bọ́ọ̀lù ju rẹfirí lọ.
Èémí wọn mú yàrá gbóná bí ikùn ìkòkò.
Ó ku ìṣẹ́jú méjì. Ọ̀mì ni.
Fèrè dún: pẹnáritì!
Ọmọkùnrin náà gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀,
ó fà sẹ́yìn, ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹsẹ̀ mẹ́rin,
ó sáré,

jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ bí àkùkọ àárọ̀.
Ó dákẹ́.

Igbe tí wọ́n ké, mi ò lè kọ ọ́ sínú ìwé.
"Owó wa dà?" Mo sàba lé agolo bí adìẹ.
Baba Fápohùndà mi kẹ́ẹ̀gì epo,
kẹ́ẹ̀gì ò dá a lóhùn.

A jáde. Ìbínú wa gbóná, ṣùgbọ́n kò tó aṣọ í bora.
Lódìkejì títì, Ìyá Ìbíyẹmí ti dáná
imọ̀ ọ̀pẹ, èèpo kòkó, àti ìlàjì ilẹ̀kùn àtijọ́ kan.
"Ẹ wá yá uná, ẹ̀yin aláriwo."
Bí a ṣe ká iná mọ́ nìyẹn, àtẹ́lẹwọ́ nínà,
kò sẹ́ni tó rántí ẹgbẹ́ tí ẹnì kejì ń ṣe.

Morẹ́nikẹ́ ló ní ká má sùn láìgbá pẹnáritì yìí.
Bàtà méjì di òpó, Jégédé di gólì,
ọsàn gbígbẹ kan di bọ́ọ̀lù.
Ó fà sẹ́yìn, ó ká yẹ̀rì sókè,
ó gbá a.
Ọsàn gba abẹ́ apá Jégédé kọjá, ó já sínú iná,
iná tú yẹ́ẹ́, gbogbo wa fò sẹ́yìn.

Ẹ̀rín pa mí, ètè mi tún là,
mo tọ́ iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ ara mi wò.
Bí ti tẹlifíṣọ̀n ṣe parí, ọ̀la la ó gbọ́.
Títí mo fi délé, súwẹ́tà mi ń rùn bí ọsàn sísun,
mi ò sì bọ́ ọ sùn.