Ìlà Kẹrin

Èmi ni mo ń di ìwé náà mú.
Iṣẹ́ mi kò ju kíkà lọ:
ohun tí wọ́n ṣe, ìgbà tí wọ́n ṣe é,
iye ìgbà tí wọ́n tún un ṣe.
Ìdí kò ní ìlà nínú ìwé mi,
bẹ́ẹ̀, wíwá ìdí gan-an la pè ní ìwádìí.

Oṣù kìíní, ní Kuopio. Adágún ti dì gbagidi,
ọkọ̀ ń gba orí omi kọjá bí ẹni pé omi ò sí.
Aago mẹ́ta ọ̀sán, ilẹ̀ ti ń ṣú.
Ọ̀mọ̀wé Vieno Kallioinen bọ́ bàtà yìnyín sẹ́nu ọ̀nà,
ó gbé àpótí kalẹ̀: ìdérí pupa, ìdérí aláwọ̀ ewé, ìdérí funfun.
"Má ṣe ṣí i títí n ó fi dé."
Ó wí i fún kannakánná, ó wí i fún ọmọdé,
ó wí i fún ẹ̀rọ, ohùn kan náà,
nítorí obìnrin yìí kì í ṣe ojúsàájú.
Ó jáde. Èmi wà lẹ́yìn gíláàsì.

Noki ló kọ́kọ́, ẹyẹ tó dúdú bí ìdí ìkòkò.
Ó wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí.
Ó ṣí funfun, ó mú ẹ̀pà,
ó wá ń rìn kiri bí onígbèsè tó gbúròó olówó,
ó gún ẹnu mọ́lẹ̀ níbí, ó gún un lọ́hùn-ún,
ẹ̀ẹ̀mẹrin ló sin òfìfo
kí n má baà mọ ibi tí ẹ̀pà sùn sí.
Mo kọ ọ́: mẹ́rin.
N kò mọ ibi tí ẹ̀pà sùn sí.

Elmeri, ọmọ ọdún márùn-ún, eyín iwájú kan ti ká,
jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.
Ní ìṣẹ́jú keje, ọwọ́ kan yọ́ jáde bí ọmọ aláǹgbá.
"Ṣé o ṣí i?" Ọ̀mọ̀wé dé.
"N ò ṣí i o. Èso gbígbẹ ibẹ̀ sì ti kéré jù."
Mo rẹ́rìn-ín títí èémí mi fi bo gíláàsì.

Rọ́bọ́ọ̀tì kì í jẹ ẹ̀pà. Àmì la fi ń sanwó fún un:
ó ń jèrè bí ó bá mọ ohun tó wà nínú àpótí,
ó ń pàdánù bí kámẹ́rà bá rí i tó ń ṣí i.
Ó na apá jẹ́ẹ́jẹ́, ó yí kámẹ́rà kọjú sí ògiri.
Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ.
Kámẹ́rà wo ògiri fún ìṣẹ́jú-àáyá mọ́kànlá. Èmi rí ìyókù.

"Ẹ̀tàn ni, àbí ìṣirò?" Ọ̀mọ̀wé bi mí.
"Ìṣe nìyẹn, mo rí i. Ìwà ńkọ́?
Ohun tí kò mọ̀ pé òun wà, ṣé ó lè ní ìwà?"
Mo ní iṣẹ́ mi kò ju kíkà lọ.

Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ tí mo máa ń fi mọ́tò gbé e
lọ sí ilé àwọn arúgbó lódìkejì adágún.
Ìyá rẹ̀ ń ká aṣọ ìnuwọ́ kan, ó ń tú u, ó ń ká a.
"Vieno, bàbá yín ò tíì ti ibi ẹja dé?"
Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ọkùnrin náà ti wà nínú ilẹ̀.
Obìnrin tí kì í ṣe ojúsàájú
wo ilẹ̀kùn. Ó wò mí.
"Ó ti wà lọ́nà, Màmá. Ẹja ló pọ̀ lónìí."
Ìyá fi aṣọ ìnuwọ́ sílẹ̀.
Kí n tó mọ̀, ìka mi ti ká nínú àpò:
ọ̀kan.

A ò sọ̀rọ̀ lórí yìnyín títí a fi gúnlẹ̀.

Lówùúrọ̀ mo ṣí ìwé. Ìlà mẹ́ta: ẹyẹ, ọmọ, ẹ̀rọ.
Mo fi rúlà fa ìkẹrin. Mo wò ó pẹ́.
N kò kọ nǹkan kan sí i.
Òtútù mú mi. Mo lọ mú ìbọ̀wọ́
tí mo gbàgbé sí yàrá Noki lánàá,
mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́,
nǹkan líle kan sì kàn mí ní àtàǹpàkò.
Ẹ̀pà.