Igi Máńgòrò Kan

Igi máńgòrò kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn kíláàsì wa
ní Ìsàlẹ̀ Àfọ̀n, l'Ógbómọ̀ṣọ́.
Mo ní kí àwọn ọmọ wò ó dáadáa,
kí kálukú fi í wé ohun kan nínú ewì.
Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣe àpẹẹrẹ,
mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sójú pátákó:
"Igi yìí dúró gbọin bí ọlọ́pàá lóríta."
Wọ́n pàtẹ́wọ́. Inú mi dùn.

Nígbà tó dalẹ́, mo gbé ìwé méjìdínlógójì ka itan,
bírò pupa lọ́wọ́ mi bí abẹ olóólà.
Moróunkéjì, tí ìyá rẹ̀ ń gbẹ̀bí, kọ ọ́ pé
abiyamọ ni, ọmú ń bẹ lórí ìka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan.
Mo rẹ́rìn-ín, mo fún un ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá.
Ìlà kan péré ni Látúndé kọ:
"Ó jọ ìkòkò ìrẹsì tí wọ́n gbé kọ́ sókè."
Ọmọ yẹn kì í jẹun kó tó wá sílé ìwé.

Ó wá kan Oyèékànmí.
"Igi yìí, baba onígbèsè ni.
Ẹni tó ń lọ, ẹni tó ń bọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lókò.
Kò lè sá, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti wọlẹ̀.
Ó ń já ohun tó ní sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan,
síbẹ̀ òkò ò dáwọ́ dúró."
Mo fagi lé igi rẹ̀.
Mo kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́: "Kò bá a mu. Igi kì í jẹ gbèsè."

Lọ́jọ́ kejì mo gba Arówómọlẹ̀ kọjá.
Ṣọ́ọ̀bù baba rẹ̀, oníṣẹ́ wẹ́dà, wà ní títì;
àwọn ará ẹgbẹ́ aláfowósowọ́pọ̀ tẹ́ bẹ́ǹṣì síwájú ilẹ̀kùn,
wọ́n dógò.
Ọ̀kan nínú wọn ń fa máńgòrò mu.

Mo padà sídìí ìwé ọmọ náà.
Bírò pupa ò ṣeé pa rẹ́.
Mo kọ mẹ́wàá sí i, ó wà níbẹ̀
lẹ́gbẹ̀ẹ́ àṣìṣe tèmi.

Mo ròyìn fún Wúràọlá nílé.
Ó ń ṣa ẹ̀wà, kò gbójú sókè.
"Ìwọ ńkọ́? Kí lo fi igi wé?"
Mo ní, ọlọ́pàá lóríta.
Ó mú òkúta wẹ́wẹ́ kan nínú atẹ, ó sọ ọ́ nù.
"Igi tó ń so, tó ń ṣíji bo ogójì ọmọ:
ìwọ, ẹni tí yóò mú èèyàn lo rí."