Ata Sísun ní Hatch

Ọmọ wa ní ká wọ bàálù,
wákàtí mẹ́ta péré, ẹ ó ti dé Arizona.
Mo ní rárá o. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi to páálí
nínú ilé ìkẹ́rùsí kan ní Houston tí kò ní fèrèsé.
Ẹ jẹ́ kí ojú mi náà jẹun.

Àwẹ̀ró jókòó sápá ọ̀tún mi,
ó bọ́ bàtà, ó gbẹ́sẹ̀ lé iwájú ọkọ̀,
ike ẹ̀pà wà lórí itan rẹ̀.
Texas kò tán bọ̀rọ̀.
A sùn, a jí, Texas ṣì ń bẹ níwájú.
Ó ní, “Àbí ojú kan náà la ti ń yí po?”
Mo ní, “Máa jẹ ẹ̀pà ẹ.”

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a kọjá El Paso,
afẹ́fẹ́ yí padà.
Èmi kọ́ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.
Àwẹ̀ró gbé imú sókè bí ìgalà,
ó gbá mi lápá: “Dúró!
Ẹnì kan ń sun ata.”

Ta ni yóò máa sun ata nínú aṣálẹ̀ yìí,
níbi tí òkè ti pọ́n bí amọ̀ ìkòkò,
tí koríko pàápàá ń tọrọ omi?
Ṣùgbọ́n mo ti fẹ́ ẹ lọ́dún méjìlélógójì,
mo mọ imú tí mo fẹ́.
Mo yà kúrò lójú títì.

Hatch. Ìlú tó kéré débi pé
bí o bá sín bí o ṣe ń wọ̀ ọ́,
o ti jáde kí o tó nu imú tán.
Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà níbẹ̀ la ti rí Don Eusebio,
akẹtẹ̀ lórí, eruku lára ṣòkòtò,
tó ń yí ohun kan bí ajere onírin lórí iná gáàsì.
Ata tútù tó gùn bí ìka ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀,
ó ń ta pàù, ó ń ta pàù,
èèpo ń dú, ó ń ṣí.
Èéfín wọ̀ wá lójú, omijé ń dà,
a kò sún sẹ́yìn.

“Ṣé ó ta?” Àwẹ̀ró bi í.
Ó ní èyí tó rọ̀ wà, èyí tó le wà.
Ìyàwó mi ní kó mú bàbá èyí tó le wá.

Ó bó méjì, ó wọ́n iyọ̀ sí i,
Marisol ọmọ-ọmọ rẹ̀ dì í
sínú búrẹ́dì pẹlẹbẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí irin.
Mo gé e jẹ.
Èéfín ni mo kọ́kọ́ tọ́ wò, lẹ́yìn náà adùn díẹ̀.
Àfi bí etí mi méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í hó,
tí òógùn ń ṣàn níbi tí irun ti ṣí kúrò lórí mi.
Àwẹ̀ró jẹ tiẹ̀ tán. Ó lá ìka.
Ó ní, “Ó gbìyànjú.”

Marisol túmọ̀ rẹ̀ fún bàbá,
bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un,
ó wá fa àga méjì sábẹ́ igi fún wa,
ó la bàrà olómi tútù kan sí méjì.
A jókòó. A kò sọ nǹkan kan.
Ajá kan wá sùn lé bàtà mi.
Oòrùn ń lọ, òkè ń yí àwọ̀,
mo sì rí i pé n kò wo aago láti àárọ̀.

Odidi àpò kan la rà.
Ẹ̀yìn ọkọ̀ ló jókòó sí, Àwẹ̀ró fi bẹ́líìtì dè é
bí ọmọ iléèwé.
Fóònù dún. Ọmọ wa ni:
“Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ ti débo? Ṣé ẹ ti rí àfonífojì ńlá náà?”
Ìyá rẹ̀ ní,
“A ti jẹun.”